Owó-Orí Oúnjẹ Tí A Fi Ń Ké sí Àlejò

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe nítorí àlejò ni a ṣe kọ́kọ́ bu owó-orí lé oúnjẹ ilé oúnjẹ. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Massachusetts bu ìdá 5 nínú 100 lé oúnjẹ tí iye rẹ̀ bá tó dọ́là kan ní ọdún 1941, àwọn arúgbó tí agbára ti tán lára wọn ni ìjọba fẹ́ fi owó náà bọ́, nítorí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

New Hampshire ni ó wá sọ irú owó-orí yìí di òpó tí ó gbé ilé ró. Ìpínlẹ̀ kékeré yìí, tí kì í gba owó-orí lórí gbogbo ọjà, tí kì í sì í fọwọ́ kan owó oṣù òṣìṣẹ́, ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1967, lójú ayé gómìnà John W. King, ó sì fi ìdá 5 bẹ̀rẹ̀, lórí oúnjẹ àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ibẹ̀ ni òkè Washington wà, ọ̀gá àwọn òkè àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, arígogo tí ó ga ní 6,288 ẹsẹ̀ bàtà, abìkúùkù-bí-ìbora, tí rélùwéè ti ń gùn láti ọdún 1869. Ibẹ̀ ni adágún Winnipesaukee tẹ́ sí. Ibẹ̀ náà ni ewé igbó ti ń pọ́n rẹ̀rẹ̀ ní oṣù October, tí ọkọ̀ àwọn ará Boston yóò sì máa wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó wá wòran ni yóò jẹun, ẹni tí ó jẹun ni yóò san owó-orí, ẹrù náà kò sì ní wọ onílé nìkan lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Nígbà tí ó yá, òfin ya ìdá 3.15 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka ìjọba tí ń polówó ìrìn-àjò afẹ́. Maine, aládùúgbò rẹ̀, kò gbẹ́yìn: láti oṣù July ọdún 2003 ni òfin ibẹ̀ ti ń darí ìdá 5 nínú 100 owó-orí oúnjẹ àti ibùwọ̀ sí àpò ìpolówó. Ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí, nítorí ilé-ìwé ní agbẹnusọ nílé aṣòfin, títì náà ní, ṣùgbọ́n bí owó bá wọ́n, ìpolówó tí kò lẹ́nu ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé.

Síbẹ̀, òfin tí aṣòfin ṣe, aṣòfin lè dá a dúró: ìdá 40 tí a ṣèlérí fún àwọn ìlú New Hampshire nínú owó kan náà kò pé lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a tó sọ ọ́ di ìdá 30 ní ọdún 2021. Àléébù mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ó dùn mí jù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ilé oúnjẹ pa ní ọdún 2020, owó-orí já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni àwọn olóúnjẹ nílò ẹni tí yóò bá wọn pe àlejò. Ó yẹ kí ọdún ọ̀pọ̀ ti máa fi nǹkan pamọ́ de ọdún ọ̀dá. Dípò bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù October ọdún 2021, New Hampshire dín owó-orí ọ̀hún kù láti ìdá 9, tí ó ti wà láti ọdún 2009, sí ìdá 8.5.