Ẹ̀rí Fèrè: Àwo "Live at Birdland" ti John Coltrane

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà mìíràn, olórin ni ó máa ń kọ́kọ́ rìn lọ́nà tí òtítọ́ yóò gbà. Àwo kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964 jẹ́ àpẹẹrẹ èyí.

Live at Birdland ni orúkọ àwo náà. John Coltrane, afunfèrè sàsófóònù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni ó ni ín. McCoy Tyner wà nídìí pìánò, Jimmy Garrison ń ta béèsì, Elvin Jones sì ń lùlù. Birdland jẹ́ ilé ìgbafẹ́ kan ní New York, tí wọ́n fi ìnagijẹ Charlie Parker sọ lórúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orin mẹ́ta sílẹ̀ lójú àwùjọ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1963. Èkíní, "Afro Blue", jẹ́ iṣẹ́ Mongo Santamaría, onílù ọmọ Kúbà. Coltrane kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ́tí sí ìlù àwọn Adúláwọ̀. Ní ọdún 1962, ó ti fi orin "Tunji" yẹ́ Babatunde Olatunji sí, onílù ọmọ Àjídó lẹ́bàá Àgbádárìgì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi orúkọ àwo yìí nìkan ṣe ìdájọ́ yóò ṣìnà. Méjì nínú orin márùn-ún inú rẹ̀ kò ti Birdland wá. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní New Jersey ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ "Alabama".

Ní ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan fi àdó olóró ba ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àwọn aláwọ̀ dúdú kan jẹ́ ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọmọbìnrin mẹ́rin kú: mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹ̀kẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Kò tó oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà tí Coltrane fọn "Alabama". Pìánò ń kùn nísàlẹ̀; fèrè ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀; nígbà tí ó kù díẹ̀ kí orin parí, ìlù Jones ru sókè bí ìjì.

Ẹnìkan lè bèèrè pé báwo ni orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ṣe lè jẹ́rìí. Ohùn èdè ni dùndún ń tẹ̀ lé, nítorí náà ni olùgbọ́ ṣe lè tú u. Fèrè Coltrane kò ní irú èdè bẹ́ẹ̀. Orúkọ orin nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí òpìtàn kò fi gbọ́dọ̀ ya orúkọ náà kúrò lára ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀. Bí a bá gbé méjèèjì pọ̀, ẹ̀rí dé.

Ọdún 1977 ni ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ dá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà lẹ́bi. Ó di ọdún 2001 àti 2002 kí ó tó kan àwọn méjì mìíràn. Coltrane ti kú ní ọdún 1967, ní ẹni ogójì ọdún. Kò rí ìdájọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́rìí tirẹ̀ sílẹ̀.