Láti Ẹnu sí Ojú: Ìṣòro Gbígbé Akọni Inú Ìwé Fágúnwà sínú Sinimá

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1938, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, gbé akọni kan tí ń jẹ́ Superman jáde nínú ìwé ìtàn alàwòrán. Ní ọdún kan náà ni a tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Èkó, iṣẹ́ D. O. Fágúnwà, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ẹgbẹ́ ni Superman àti Àkàrà-ògùn ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n àwòrán ni a fi bí ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ni a fi bí èkejì. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí ni gbòǹgbò ìṣòro ẹni tó bá fẹ́ gbé akọni Fágúnwà sínú sinimá. Èrò wa ni pé kì í ṣe ara iwin ni ó nira jù láti fi hàn. Ẹnu akọni ni.

2. Akọni tí a fi àwòrán bí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà Superman tẹ́jú. Lórí ìwé, àwòrán ni akọni, àwòrán ni ilé, àwòrán ni ojú ọ̀run. Ojú òǹkàwé kò rí ohun tí yóò bá jà. Nínú sinimá, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò fò láàárín ilé gidi. Nígbà tí a ṣe sinimá alápá púpọ̀ nípa Superman ní 1948, bí ó bá ti di pé kí òṣèré náà, Kirk Alyn, fò, àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ó di 1978, nínú sinimá tí Richard Donner darí, kí ènìyàn gidi tó fò tí ojú sì gbà á. Ìṣòro ojú ni èyí, ẹ̀rọ ló sì yanjú rẹ̀.

3. Akọni tí a fi ọ̀rọ̀ bí

Ti Àkàrà-ògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ìrìn àjò rẹ̀, tí òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó pàdé Àgbákò, ẹbọra olójú mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pàdé kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Àsọdùn àti àwítúnwí ni Fágúnwà fi ya iwin náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba òǹkàwé, ẹ̀rín sì ń pa á. Bí a bá kan to ojú mẹ́rìndínlógún sórí òṣèré, ẹ̀rù nìkan, tàbí ẹ̀rín nìkan, ni yóò kù. Bákan náà ni orúkọ àwọn tó bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó: ẹni tó bá gbọ́ Ìmọ̀dóyè àti Olóhùn-iyọ̀ ti gbọ́ agbára wọn.

Bruce Onobrakpeya, tó kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Ondo Boys' High School ní 1956 sí 1957, ló ya àwòrán sí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Kò yà wọ́n bí ẹni ya fọ́tò. Ìlà àti àmì ló lò, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọkàn òǹkàwé. Kámẹ́rà kì í sábà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

4. Ohun tí àwọn aṣáájú ṣe

Ní FESTAC 1977, a gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé nínú Langbodo, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti sinimá, Ìjà Òmìnira, tí Ọlá Balógun darí, jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Ṣùgbọ́n ìjà ẹrú pẹ̀lú amúnisìn ni ìtàn ti Fálétí. Kò sí iwin tí a ó wá ojú fún. Èyí tó sún mọ́ ọ̀ràn wa jù ni Aiyé (1979) ti Hubert Ògúndé. Nínú rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ọfọ̀ ló ń ṣíwájú, ọgbọ́n kámẹ́rà ló ń tẹ̀lé e. Òǹwòran gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́ nítorí pé etí rẹ̀ ti gbà á ṣáájú.

A lè jiyàn pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ a máa fa sinimá sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Kò sí sinimá tó lè gba gbogbo ìwé náà. Ṣùgbọ́n dídín ọ̀rọ̀ kù yàtọ̀ sí yíyọ ọ́ kúrò.

5. Ìkádìí

Ní 2025, Iyanu, ìwé alàwòrán tí Roye Okupe dá sílẹ̀, di eré alàwòrán lórí Cartoon Network. Orúkọ àti ìmúra ibẹ̀ fa ti Yorùbá yọ; Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe é. Ó fi hàn pé àwòrán tó ń rìn lè yanjú ìṣòro ojú. Ìṣòro ẹnu ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọn akọni Fágúnwà bá gba ọ̀nà yìí nìkan, ọmọ Oǹdó àti Àkúrẹ́ yóò mọ iye ojú Àgbákò, kò ní mọ ohun tí Àkàrà-ògùn wí fún un. Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó pe ayàwòrán.