Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin Barcelona

Lábẹ́ ìjọba Franco ní Sípéènì, tí ó gbà pé ìdí ààrò àti ọmọ títọ́ ni ipò obìnrin, àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà kò ka bọ́ọ̀lù obìnrin sí rárá. Síbẹ̀, ní ọdún 1970, ọ̀dọ́bìnrin kan, Immaculada Cabecerán, tọ Agustí Montal, ààrẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barcelona, lọ pé kí ó fún àwọn obìnrin láyè láti gbá bọ́ọ̀lù. Ó gbà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, àwọn obìnrin náà fi pẹnáritì borí ẹgbẹ́ Centelles ní Camp Nou, pápá ìṣeré Barcelona. Antoni Ramallets, aṣọ́lé Barcelona nígbà kan rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò wọ aṣọ aláwọ̀ méjì tí a fi ń dá Barcelona mọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a gbà wọ́n sórí pápá láìtíì gbà wọ́n sínú ẹbí.

Ọdún 2002 ni wọ́n tó di ẹ̀ka Barcelona gan-an. Ní 2007 wọ́n já sí ìpele kejì, ní 2015 bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Nínú àṣekágbá Champions League, ìdíje àwọn àgbà ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2019, Lyon ti Faransé nà wọ́n 4-1, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ni ó sì jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Barcelona ní. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, wọ́n fi 4-0 gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Chelsea ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ènìyàn 91,648 kún Camp Nou láti wò wọ́n bí wọ́n ṣe na Wolfsburg ti Jámánì 5-1.