Ilé Là Ń Wò: Ìtàn Orúkọ Ìrókò àti Àwọn Ewéko Mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Àkúrẹ́ gba orúkọ rẹ̀ lára àkún, ìlẹ̀kẹ̀ oyè, tí ó rẹ́ lọ́rùn ẹni tí ó tẹ ìlú náà dó. Bí ìlú kì í ti í jẹ́ orúkọ lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni igi àti ewéko inú igbó tí ó yí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ká. Àwọn baba ńlá ti sọ wọ́n lórúkọ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó mú ìwé àti kálàmù dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ ni ó wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ wo obì. Gbàǹja a máa ní awẹ́ méjì. Awẹ́ àbàtà a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obì ẹdun tún wà lọ́tọ̀. Àwọn baba rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n fi "obì" ṣíwájú orúkọ gbogbo wọn, wọ́n sì fi orúkọ kejì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Irú ọ̀nà yìí ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ará ilẹ̀ Sweden, gbà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1753. Ṣáájú ìgbà náà, orúkọ ewéko kan lè gùn tó odidi gbólóhùn. Linnaeus fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì péré ní èdè Látìnì: èkínní jẹ́ orúkọ ìdílé, èkejì jẹ́ orúkọ àbísọ. Ìdí nìyí tí gbàǹja fi ń jẹ́ Cola nitida, tí àbàtà ń jẹ́ Cola acuminata, tí obì ẹdun sì ń jẹ́ Cola millenii. Àwọn ìdílé tí ó bá tan mọ́ra a tún wà lábẹ́ ẹbí ńlá kan, títí tí yóò fi kan gbogbo ewéko.

Kí ni ìwúlò orúkọ Látìnì fún ẹni tí ó ti ní orúkọ tirẹ̀? Oǹdó, ìlú àwọn àgbẹ̀ kòkó, lè dáhùn. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, "koko" lè jẹ́ kòkó tí a ń tà sókè òkun, ó sì lè jẹ́ kókò tí a ń sè jẹ. Lẹ́tà tí ń béèrè oògùn fún àrùn èkínní lè mú oògùn èkejì bọ̀, kí làálàá odidi ọdún sì já sí asán. Theobroma cacao àti Colocasia esculenta kò lè dàrú mọ́ra wọn.

Síbẹ̀, orúkọ Látìnì pàápàá a máa yí padà. Ní 1869, Friedrich Welwitsch, ará Austria tí ó ti kó ewéko jọ ní Àǹgólà, pe ìrókò ní Morus excelsa; ó kà á mọ́ ìdílé igi tí kòkòrò ṣẹ́dà ń jẹ ewé rẹ̀. Ní 1880, Bentham àti Hooker, ará Gẹ̀ẹ́sì, mú un lọ sí ìdílé mìíràn, ó di Chlorophora excelsa. Ní 1982, Berg, ará Netherlands, tún sọ ọ́ di Milicia excelsa, èyí tí ó ń jẹ́ di òní. Orúkọ ìdílé yí padà. Excelsa, "èyí tí ó ga fíofío", kò yí. Ilé ni àwọn onímọ̀ náà ń wò: bí òye wọn nípa ìbátan igi ti ń pọ̀ sí i, ni wọ́n ń tún orúkọ ṣe. Ṣùgbọ́n inú ẹbí ńlá kan náà ni ìrókò wà pẹ̀lú odán àti ọ̀pọ̀tọ́, àwọn igi tí oje wọn funfun bíi wàrà.

Oko àti ayùn agégẹdú ti jẹ púpọ̀ nínú igbó Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Bí igi bá tán nígbó, ẹnu àgbà nìkan ni orúkọ rẹ̀ kù sí; bí àgbà bá sì lọ, orúkọ a bá a lọ. Nítorí èyí ni ìwé Z. O. Gbile, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1984, fi ṣe iyebíye: ó to orúkọ Yorùbá àti ti Látìnì àwọn ewéko pọ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní mọ méjèèjì. Ìrókò ti jẹ́ ju orúkọ Látìnì kan lọ. Ní ọjà gẹdú àgbáyé, "iroko" ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣì ń pè é. Yorùbá ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.