Ìjánu Katakata ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa katakata, ọdún tí ìjọba rà á ni í sábà mẹ́nu bà. Kì í sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ́ńjìnnì ni ó ń fún katakata lágbára, ṣùgbọ́n ìjánu ni kì í jẹ́ kí ó di apànìyàn.

Ní ọdún 1975 ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá fún oko ọ̀pẹ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà. Ní ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Òkìtìpupa sì di ìlú tí a mọ̀ mọ oko ọ̀pẹ ńlá. Ní irú oko bẹ́ẹ̀, katakata kì í ṣe ohun ìtúlẹ̀ nìkan. Òun náà ni í fa tírélà tí ó kún fún ìdì ẹyìn lọ síbi tí a ti ń fún epo. Bí ìjánu bá kọ̀, ẹrù ẹ̀yìn ni yóò máa ti awakọ̀ lọ.

Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1964, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yéni. Irin ìfẹsẹ̀tẹ̀ méjì ni ìjánu rẹ̀ ní: ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, èkejì fún ti òsì. Nínú oko, awakọ̀ a tẹ ọ̀kan ṣoṣo kí katakata lè tètè yí. Ní ojú títì ńkọ́? Dandan ni kí ó fi ìkọ́ so méjèèjì pọ̀. Bí ó bá tẹ ọ̀kan nígbà tí eré pọ̀, katakata lè dojú dé.

Títún un ṣe gba sùúrù. Wọn a fi òkúta dí táyà iwájú, wọn a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, wọn a fi igi líle tì í, wọn a sì tú táyà, kí wọ́n tó yọ ìkòkò irin tí ó bo láínì. Bí ọ́ìlì bá ti rin láínì, síìlì tí ó ń jò ni a kọ́kọ́ ń pààrọ̀; ẹni tí ó bá pààrọ̀ láínì nìkan, inú agbọ̀n ni ó ń da omi sí. Orí ríféètì gbọ́dọ̀ rì sínú láínì, kí ó má baà ha ìkòkò náà. Níkẹyìn, wọn a so ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ọ̀kan má ṣe ṣáájú èkejì mú.

Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Àtúnṣe ohun àtijọ́ wá di kò-ṣeé-má-ṣe. Ewu sì wà níbẹ̀: ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ láínì ayé ìgbà náà, eruku rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni ó yẹ kí a fi nù ún. Ẹnu kọ́ ni a fi ń fẹ́ ẹ.

Ẹnu ẹṣin ni Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìjánu, wá sí ara ọkọ̀. Èdè tí ó lè ṣe èyí lè kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìlò katakata ń sọ. Bí ìkìlọ̀ pé kí a so ìjánu méjèèjì pọ̀ kò bá dé etí awakọ̀ ní èdè tí ó gbọ́, ẹ̀mí ni a fi ń ta tẹ́tẹ́.