Fíìmù onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá: ohun tó lè ṣe fún ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀

Fíìmù onígbàgbọ́ ni eré tí àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ń ṣe láti fi wàásù fún ìdílé. Ọ̀fọ̀, ìwòsàn ọkàn àti ìlàjà wà lára ohun tó máa ń dá lé lórí.

Kí fídíò tó dé ni eré ti ń ti inú ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Lọ́dún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ní kí Olóògbé Hubert Ògúńdé ṣe eré lórí ọgbà Édẹ́nì fún àwọn. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìdó-Ọ̀ṣun, Olóògbé Dúró Ládiípọ̀ mú ìlù bàtá wọ inú orin Àjíǹde lọ́dún 1961. Inú ìjọ kò dùn sí i, ló bá wá ibòmíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Iléṣà ni wọ́n ti bí Mike Bámilóyè lọ́dún 1960. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, ó dá Mount Zion Faith Ministries sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Gloria, tóun náà jẹ́ ọmọ bíbí Iléṣà, wà lára àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Iléṣà yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe eré wọn àkọ́kọ́, Hell in Conference, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ onígbàgbọ́ lọ́dún 1986. Fíìmù Agbára Ńlá tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láti orí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti dé orí YouTube báyìí.

Ìjà agbára òkùnkùn àti agbára ìhìnrere ló gbajúmọ̀ jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá bí ẹni tó kú kò bá dàgbà, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, “Ta ló pa á?” Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan opó, òun náà ló ń sọ ìyá ọkọ di ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Fíìmù tó bá di gbogbo ikú ru àjẹ́ inú ilé lè yọ ọfà níbi tó ti fẹ́ yọ obì.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọ kan ní ìlú Albany, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbà. Nínú Fireproof (2008), ọkọ kan ló ń tún ìgbéyàwó rẹ̀ tó fẹ́ dàrú ṣe. Nínú Courageous (2011), bàbá kan pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ìwà ara wọn ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó bá fẹ́ yan fíìmù fún ilé ọ̀fọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá a wò. Ta ni eré náà ń dá lẹ́bi? Ǹjẹ́ ó gba ọlọ́fọ̀ láyè láti sunkún? Ǹjẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, tó sì dá ohun tó gbà padà, kí wọ́n tó ní kí wọ́n dárí jì í? Bí ọlọ́fọ̀ kò bá sì lè jẹun, tí kò lè sùn mọ́, fíìmù nìkan kò tó. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.