Ọ́ìlì Inú Bẹntiróòlù: Ìtàn Ìwọ̀n Kan Láti Èbúté Abidjan

Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já, tí ọ̀sà Ébrié fi bá òkun pàdé, tí ọkọ̀ ojú omi ńlá sì ń wọ Abidjan tààrà. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí èbúté náà. Ṣáájú èyí, orí afárá tí wọ́n nà sínú òkun ní Grand-Bassam àti Port-Bouët ni wọ́n ti ń já ẹrù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Abidjan gbéra sì dé Ouagadougou ní 1954, ọ̀nà ṣí gbayawu fún ọjà Òyìnbó láti etíkun dé ilẹ̀ ọ̀dàn. Ara ọjà ìgbà náà ni Mobylette, alùpùpù kékeré tí Motobécane ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní 1949. Sikúútà Vespa, tí Piaggio ti Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1946, náà sì tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire kí èbúté yìí tó dé. Anango ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àjèjì fún wa.

Àwọn tí ó ń kọ ìtàn èbúté a máa ka iye ẹrù. Ohun tí wọn kì í sábà kà ni ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó bá ẹ̀rọ rìn. Ìwọ̀n ọ́ìlì ni mo ń wí.

Ẹ́ńjìnì two-stroke tí ó wà nínú Mobylette àti Vespa wọ̀nyí kò ní ìkòkò ọ́ìlì ní ìsàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ikùn rẹ̀, níbi tí káránkì ti ń yí, ni afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù ń gbà kọjá kí wọ́n tó gòkè lọ jóná. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù nínú táńkì: bí ó ti ń kọjá ni ó ń ra bẹ́rìn, káránkì àti ara sìlíńdà, lẹ́yìn náà ó jóná, ó bá èéfín jáde. Awakọ̀ tí ó bá dá epo dúró nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn ti dá ọ́ìlì dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì ṣì ń yí.

Vespa àkọ́kọ́ fẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 50 mìlílítà ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí yí ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé padà. Káránkì fúnra rẹ̀ ni ó wá ń ṣí ẹnu ọ̀nà tí ó sì ń tì í, àdàpọ̀ náà sì ń kọ́kọ́ bá káránkì àti bẹ́rìn pàdé. Ìdá méjì, 20 mìlílítà, wá tó. Kì í ṣe gbogbo Vespa ni ó yí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà méjì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí oúnjẹ wọn má dọ́gba.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀rọ yí padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́ kò yí. Agolo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tàbí ìdérí ìgo. Agolo wo sì ni? Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ọ́ìlì kì í pọ̀ jù, àìtó rẹ̀ ni ó ń pa ẹ́ńjìnì. Òótọ́ ni apá kan rẹ̀. Bí ọ́ìlì kò bá tó, písítìnì á gbóná, á wú, á ha sìlíńdà, á sì gan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, èyí tí kò jóná tán á di èédú lórí písítìnì, á dí ihò èéfín àti sàláńsà, á sì lẹ ríìngì mọ́ àyè rẹ̀. Ríìngì tí ó bá ti lẹ̀ kò lè dènà mọ́. Ooru á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ara písítìnì á sì máa jẹ. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé ihò kabúrétọ̀ kì í fẹ̀ sí i nítorí ọ́ìlì: bí ọ́ìlì bá gba àyè, bẹntiróòlù dín kù, ìjóná á sì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ́ńjìnì á gan. Mẹkáníìkì á ní ọ́ìlì kò tó, á sì tún fi kún un.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2000 lórí Gúúsù Éṣíà fi hàn pé àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Dhaka ń da ọ́ìlì ju ìwọ̀n olùṣe lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe ọ́ìlì tí a ṣe fún irú ẹ́ńjìnì náà.

Yamaha ti gbìyànjú láti gba ìṣirò yìí lọ́wọ́ ènìyàn ní 1964: Autolube, táńkì ọ́ìlì lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fa ìwọ̀n tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ náà lè kú lójijì á tún po ọ́ìlì sínú bẹntiróòlù, ó wá di ìlọ́po méjì. Èmi kò bú u, nítorí ẹni tí alùpùpù ń bọ́ ilé rẹ̀ kì í fẹ́ fi ẹ́ńjìnì ta tẹ́tẹ́.

Ní Cotonou, níbi tí zémidjan ti gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1980, ẹlòmíràn ni ó ń pò ó fún un. Kpayo, bẹntiróòlù tí ó ń ti Nàìjíríà wọlé, wà nínú ìgo lẹ́bàá ọ̀nà, ti alápòpọ̀ lọ́tọ̀. Àwọ̀ tí ó wà nínú ìgo lè sọ pé ọ́ìlì wà níbẹ̀. Kò lè sọ iye rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ ìdá méjì àti èyí tí ó fẹ́ márùn-ún ń mu nínú ìgo kan náà, èéfín búlúù sì ń bo ojú títì.

Láàárín àwọn ọdún 2000 ni alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ikùn ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, gba ọjà. Àpòpọ̀ kò tíì parí ṣá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ní Nàìjíríà ṣì ń mu ún, ìdá méjì péré ni ó sì fẹ́. Síbẹ̀ ẹ ó rí i ní ọ̀pọ̀ ojúlé tí wọ́n ń fi ojú wọn ọ́ìlì sí i, tí sàláńsà rẹ̀ sì ń kán dúdú sára ògiri.